Windsor láti London: tírénì ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ fi bọ́ọ̀sì ibi mẹ́ta yẹn sílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń bọ̀ ní London fún họlidé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó sanwó bọ́ọ̀sì tó ń kó èèyàn lọ ààfin ọba ní Windsor, àwọn òkúta àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Stonehenge, àti ìlú Bath lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, bá a ṣe sọ̀ ní Windsor báyìí ni gáìdì ti ń pariwo pé wákàtí kan àtààbọ̀ péré la ní, ìlà sẹ́kúrítì sì ti jẹ nínú ẹ̀, a kàn ń sáré wọ yàrá kan bọ́ sí òmíì ni. Ní Stonehenge, a ò tíì rìn yí àwọn òkúta yẹn po tán tí wọ́n fi ní ká wọkọ̀. Bath ńkọ́? Omi gbígbóná táwọn ará Róòmù ń wẹ̀ níjọ́un, ẹnu ọ̀nà la ti yọjú wò ó.

Lóṣù tó kọjá mo wá dá lọ. Ibùdókọ̀ Waterloo ní London ni mo ti wọ tírénì, bíi wákàtí kan ni, kò sí pé à ń pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ààfin sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó dínwó ju kẹ́ ẹ rà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú o, wọn kì í ṣí i. Sọ́ńdè náà, ìsìn nìkan ni wọ́n ń ṣe ní St George's Chapel, ṣọ́ọ̀ṣì inú ààfin náà, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ pàdánù ibẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n sin Queen Elizabeth Kejì sí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti bàbá àti ìyá rẹ̀, òkúta dúdú kan ṣoṣo ló wà lórí wọn, orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin to tẹ̀ léra. Ọba Henry VIII ayé àtijọ́ náà wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn ń tẹ orí ẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá dé gbọ̀ngàn tó jóná ní 1992, ẹ gbójú sókè wo àjà ẹ̀, igi oak ni wọ́n fi tún un ṣe, ó rẹwà gan-an ni.

Àmọ́ ohun tó mú mi dúró jù, gáìdì ọjọ́sí ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. November 1850, ààfin yìí ni wọ́n mú ọmọ wa kan wá bá Queen Victoria, bí ọmọ ọdún méje. Àìná ni wọ́n ní orúkọ ẹ̀ nílé, ará Òkè-Ọ̀dàn, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló kó o lẹ́rú ní 1848, Gezo, ọba Dàhòmì, wá fà á lé kápútéènì òyìnbó kan lọ́wọ́. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n ń pè é níbí: Forbes, orúkọ kápútéènì, Bonetta, orúkọ ọkọ̀ ojú omi ẹ̀. Mo dúró lórí òkúta àgbàlá yẹn, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lára pẹ̀lú kóòtù tí mo wọ̀, mo ń ro ọmọ kékeré tí ò ní ìyá, tí ò ní bàbá mọ́, omi bọ́ lójú mi. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú tí mo fi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pariwo pé kí n wọkọ̀.

Brighton, ìlú etí òkun kan, ni Sarah ti ṣègbéyàwó ní 1862, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas, James Davies tó wá di gbajúmọ̀ oníṣòwò l'Ékòó ló fẹ́ ẹ. Tírénì ń lọ tààrà láti London, bíi wákàtí kan náà ni. Ibẹ̀ ni mo kàn, ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun náà ń bá mi lọ.