Àgbéyẹ̀wò Magnetom Terra, ẹ̀rọ MRI 7 tesla, fún iṣẹ́ ìwádìí ọpọlọ

Èèpo ọpọlọ ènìyàn kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 4 lọ, síbẹ̀ ìpele mẹ́fà ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Ẹ̀rọ MRI, tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò ya àwòrán inú ara, ni a ń sọ níhìn-ín; tesla sì ni ìwọ̀n agbára òòfà rẹ̀. Ẹ̀rọ 3 tesla tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìwádìí sábà máa ń ka iṣẹ́ ọpọlọ ní ìwọ̀n bíi mìlímítà 2, nítorí náà gbogbo ìpele wọ̀nyí á dà pọ̀ mọ́ra wọn. Magnetom Terra tí Siemens Healthineers ṣe lè ka a ní ìwọ̀n tí kò tó mìlímítà kan, débi pé olùwádìí lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ìpele àárín tó ń gba ìròyìn wọlé àti ìpele ìsàlẹ̀ tó ń rán an jáde. Fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, owó ńlá tí wọ́n ń ná lé e lórí tọ́ sí i.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún lílò ní ilé ìwòsàn, òun sì ni ẹ̀rọ 7 tesla àkọ́kọ́ tó gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń lò ó, ọ̀kan fún ìtọ́jú, èkejì fún ìwádìí, wọn kì í sì í da àkójọ àwòrán méjèèjì pọ̀. Mo fara mọ́ ètò yìí gan-an, nítorí pé kò yẹ kí aláìsàn ṣèèṣì bọ́ sínú ohun tí a ṣì ń dán wò.

Ohun tó ń fa ojú mi mọ́ra jù ni àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀, níbi tí àwọn iṣan kéékèèké ti máa ń yọ dúdú bí òwú ìránṣọ. Lára ẹni tó ní multiple sclerosis, àìsàn tí agbára ìdáàbòbò ara fi ń gbógun ti ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ènìyàn á rí iṣan tó gba àárín ojú ọgbẹ́ inú ọpọlọ kọjá kedere, èyí sì ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ àìsàn náà yàtọ̀ sí àwọn tó fara jọ ọ́.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ìgbì rédíò tí ẹ̀rọ náà ń lò, tó tó nǹkan bíi mẹgahẹ́ẹ̀tì 300, máa ń kúrú nínú ọpọlọ ju ìbú orí lọ, àwọn ìgbì náà a sì máa pa ara wọn níbì kan, kí wọ́n sì ran ara wọn lọ́wọ́ níbòmíràn. Nínú àwòrán, àárín ọpọlọ á mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ etí àti ìpàkọ́ nísàlẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Ó dùn mí pé apá ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń ṣèwádìí ìrántí àti àrùn Alzheimer nílò. Ohun èlò tó ń fi ọ̀nà mẹ́jọ rán ìgbì jáde lẹ́ẹ̀kan náà ń dín ìṣòro yìí kù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọwọ́ onímọ̀ físíìsì.

Ti ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Bí ibùsùn ṣe ń wọlé, òòyì máa ń kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé òòfà náà ń ti omi inú etí; àwọn mìíràn á tún máa gbọ́ ìtọ́wò irin lẹ́nu. Kí òṣìṣẹ́ rọra ti ibùsùn wọlé ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi irin sí lára kò sì gbọdọ̀ gbára lé pé wọ́n ti gbà á sínú ẹ̀rọ 3 tesla rí.

Lóòótọ́, Iseult, ẹ̀rọ MRI ìwádìí tó wà ní Saclay nílẹ̀ Faransé, ga jù ú lọ: tesla 11.7 ni, òòfà rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 132, ní ọdún 2024 ni wọ́n sì gbé àwòrán ọpọlọ ènìyàn tó kọ́kọ́ yà jáde. Ṣùgbọ́n Iseult kì í ṣe ọjà tí ènìyàn lè rà. Ilé ìwádìí tó bá ní onímọ̀ físíìsì tirẹ̀, tí ìbéèrè rẹ̀ sì dá lórí ìpele èèpo ọpọlọ tàbí iṣan kéékèèké, kí ó ra Terra. Èyí tó kàn fẹ́ wọn bí ọpọlọ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe tóbi tó, kí ó dúró ti 3 tesla rẹ̀.