British Shorthair àbí Siamese: èwo ló bá ilé yín mu?

Tó bá jẹ́ ológbò òyìnbó onírun kúkúrú lẹ fẹ́ gbé wọlé ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ibikíbi ládùúgbò wa níbí, British Shorthair àti Siamese lèmi máa fi wéra, torí ìwà wọn jìnnà síra gan-an, ẹni tí ọ̀kan bá lára mu, ìkejì lè sú u kó tó tóṣù kan. Ẹ má tíì wo fótò rárá. Irú ilé tẹ́ ẹ ń gbé àti iye wákàtí tẹ́ ẹ fi ń wà níta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Tó bá sì jẹ́ torí eku tó ń da gàrí yín láàmú lẹ ṣe fẹ́ ra ológbò, ẹ fowó yín pamọ́ jàre, ẹ lọ tọrọ ọmọ ológbò ilé lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká mú British. Orí ẹ̀ roboto, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún, irun ẹ̀ ki pọ́pọ́ bíi kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Akọ ẹ̀ lè wọn kíló 8, ó sì lè tó ọdún 3 kó tó dàgbà tán. Aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń pè ní British Blue ló gbajúmọ̀ jù, ojú ẹ̀ á wá jẹ́ aláwọ̀ bàbà. Jẹ́jẹ́ ẹ̀ ló máa ń lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo, ó fẹ́ wà nítòsí yín ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni kì í fẹ́ kí èèyàn gbé wọn, tẹ́ ẹ bá gbé e báyìí ṣe ló máa na ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ sí yín láyà, á máa tì yín títí tẹ́ ẹ máa fi sọ ọ́ kalẹ̀.

Siamese ní tiẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, etí ńlá, ojú búlúù, ara ẹ̀ funfun ṣùgbọ́n etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù ẹ̀ dúdú. Thailand ló ti wá, Siam ni wọ́n ń pe ibẹ̀ láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ lẹ́nu ẹ̀! Tẹ́ ẹ bá ń dáná á wá bá yín sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ á dúró síta máa ké, ohùn ẹ̀ sì dà bíi tọmọ tuntun tó ń sunkún lóru. Nílé tó jẹ́ pé yàrá kojú yàrá, ẹ tètè sọ fáwọn tẹ́náǹtì yòókù kẹ́ ẹ tó gbé e dé, ẹ̀yin náà mọ ohun táwọn àgbà máa ń rò tí wọ́n bá gbọ́ igbe ológbò lóru, kò yẹ kó di ẹjọ́ níwájú láńlọ́ọ̀dù.

Àwọ̀ Siamese yẹn gan-an ló ń da àwọn oníbàárà láàmú. Ohun tó ń kun irun ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ara bá ti gbóná, ibi tó tutù ló ti ń dúdú, ìyẹn etí, imú, ẹsẹ̀, ìrù. Inú ìyá gbóná, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé funfun báláú ni wọ́n ń bí i, dúdú ẹ̀ á wá máa jáde díẹ̀díẹ̀. Nínú ooru tiwa níbí ara ẹ̀ lè mọ́ ju ti fótò òyìnbó tẹ́ ẹ rí lọ, wọn ò rẹ́ yín jẹ o. Ṣùgbọ́n tí Siamese bá ti dàgbà tí ojú ẹ̀ ò sì jẹ́ búlúù, ẹ yáa máa lọ. Ti British, ẹ fọwọ́ ya irun ẹ̀ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀, eérú yẹn gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀. Ọmọ kékeré ẹ̀ lè ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ lára tó máa pa rẹ́ tó bá ń dàgbà, ojú ẹ̀ náà sì lè ṣì jẹ́ búlúù, ìyẹn ò burú.

Tó bá kan ooru, Siamese ló borí, irun ẹ̀ fẹ́lẹ́. British á na gbalaja sórí táìsì lóṣù kẹta tí NEPA bá mú iná lọ, ẹ rí i pé omi wà nítòsí ẹ̀ kí atẹ́gùn sì máa wọlé. Ẹni tó ń ti Ṣágámù lọ síṣẹ́ l'Èkó láàárọ̀ kùtù tó ń dé lálẹ́, British ni kó rà. Siamese kì í fẹ́ dá wà, tí kò bá séèyàn nílé, ẹ ra méjì. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ilé kún fáwọn ẹbí, Siamese lè máa bá àlejò káàkiri, British á ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi í síbẹ̀.

Àìsàn wọn yàtọ̀. Iṣan ọkàn British lè nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe scan fún bàbá àti ìyá ẹ̀, àìsàn kídìnrìn náà sì wà níbẹ̀ torí wọ́n ti da ẹ̀jẹ̀ Persian, ológbò onírun gígùn, pọ̀ mọ́ ọn. Ásímà ló máa ń ṣe Siamese, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tan kọ́ìlì ẹ̀fọn lóròòru, ẹ rò ó dáadáa. Ẹran àti ẹja ni kẹ́ ẹ fún àwọn méjèèjì, kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́ àjẹṣẹ́kù tó lálùbọ́sà, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, paracetamol sì lè pa á. Ẹ wọn oúnjẹ British o, ó tètè ń sanra.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ rí ìyá ẹ̀ lójúkojú, ẹ gba ìwé ìran ẹ̀ àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. GCCF, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ológbò sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọmọ ológbò ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 13, ẹni tó bá fẹ́ ta ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 fún yín ń kánjú torí owó ni. Ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà l'Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ní tèmi, tí ilé bá kún fọ́mọ, Siamese ni mo máa mú, màá sì ti bá dókítà sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kó má bàa bímọ, torí abo Siamese tètè ń wá akọ, tí igbe tó fi ń pe akọ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ àdúgbò ò ní sùn.