Wọ́n ní kí n fi bàtà tuntun mu malt: ohun tí ojú mi rí nínú ẹgbẹ́ Hash

Èmi kì í kọ irú nǹkan báyìí. Jẹnẹrétọ̀ tí mo rà lọ́dún tó kọjá, tó dákẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, mi ò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀. Mo gbé e padà fún ẹni tó tà á ni, a jọ pariwo títí ó fi gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú bàtà mi rí ní Sátidé tó kọjá, mo ti gbìyànjú láti gbàgbé ẹ̀, kò lọ.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn mọ àwọn tí mò ń sọ: àwọn tó ń sáré gba inú oko kọjá nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń kígbe "On-on!", tí wọ́n sì ń fi bíà parí ẹ̀. Hash ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ka ẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé. Mi ò ní dárúkọ èyí tí mo lọ, nítorí mi ò wá ìjà, àti pé mo ṣì jẹ wọ́n ní ₦2,000 owó ṣẹ́ẹ̀tì.

Dókítà ló ní kí n máa sáré, ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò ìyàwó mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ ò ní í mọ̀ pé ẹ ń sáré." Mo béèrè ọ̀rọ̀ ọtí, torí mùsùlùmí ni mí. Ó ní malt wà, omi wà. Ìyẹn ò tó mi, mo pe akọ̀wé wọn fúnra mi. Akọ̀wé ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Alàájì, àwa kì í fipá mú ẹnikẹ́ni." (Mi ò tíì dé Mẹ́kà o, fìlà mi ni wọ́n ń wò.) Ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú.

₦5,000 ni mo san. A pàdé lẹ́yìn Omi-Àdìó ní aago mẹ́rin, àwa bí ogójì. Ká má parọ́, eré náà dùn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní hare, ìyẹn ehoro, ti ṣáájú lọ, ó ti ń da fúláwà àti bébà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bí àmì. Tó bá dé ibì kan, á fa àmì roboto, àmì tòótọ́ á sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyá á fọ́n ká, wọ́n á máa wá a, òmíràn á sáré wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ lásán, á tún padà. Àwa tí ikùn ń ṣáájú á kígbe lẹ́yìn pé "Are you?" Tí ẹnì kan bá ti rí i, á dáhùn "On-on!" Kí wọ́n tó rí i, a ti bá wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n níbi tí wọ́n ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó gbọ́n ló ronú ìyẹn.

Ní oríta kan lábẹ́ igi kòkó, a bá ìyá àgbà kan tó ru igi ìdáná, tó dúró, tí kò lè kọjá. Àmì roboto funfun ló wà níwájú ẹ̀, bébà wẹ́wẹ́ láàárín. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló gbé irú èyí sí oríta wa?" Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan láàárín wa, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fìka kan án, ó tọ́ ọ wò. "Ìyá, ẹ má bínú, fúláwà ni, kì í ṣe ẹbọ. Eré la fi ń ṣe." Ìyá wò ó, ó ní, "Eré wo lẹ ń fi fúláwà ṣe nígbà tí búrẹ́dì wọ́n tó báyìí?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un. Bàbá bá a gbé igi náà kọjá.

Ẹ̀yìn ni Bàbá máa ń wà, kí ẹnikẹ́ni má sọnù. Òun ló ń sọ ìtàn fún mi bá a ṣe ń lọ. Ó ní ọdún 1938 ni àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan dá a sílẹ̀ ní Kuala Lumpur, ní ilẹ̀ Màléṣíà, tí akáǹtáǹtì kan tó ń jẹ́ Gispert sì ṣáájú wọn. Hash House ni orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fún ilé oúnjẹ Selangor Club tí wọ́n ti ń jẹun, nítorí oúnjẹ ibẹ̀ ò dùn lẹ́nu. Gispert kú sógun ní Singapore ní oṣù kejì ọdún 1942, àwọn tó kù ló tún un gbé dìde lẹ́yìn ogun. Nígbà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1950, ohun mẹ́rin ni wọ́n kọ pé àwọn ń lé: kí ara ọmọ ẹgbẹ́ le, kí ọtí òpin ọ̀sẹ̀ dá lójú wọn, kí òùngbẹ gidi gbẹ wọ́n kí wọ́n sì fi bíà pa á, àti kí àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ lè gbà pé àwọn ò dàgbà tó bí àwọn ṣe rò. Mo rẹ́rìn-ín sí ìkẹrin. Mi ò mọ̀ pé màá lò wọ́n rojọ́.

A dé, wọ́n pa agbo. Ọkùnrin kan wọ sùtánà funfun, ó dé fìlà gogoro. Alúfàá ẹgbẹ́ ni, òun ló ń dá ẹjọ́, bíà sì ni ìtanràn. (Àwọn pásítọ̀ ni kó bá a jà, kò kàn mí.) Wọ́n ní kí àwọn wúńdíá bọ́ síta, ìyẹn àwọn àlejò. Èmi, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, mo bọ́ síta. Ìyẹn náà, mo rẹ́rìn-ín.

Ló bá di "Bàtà tuntun! Bàtà tuntun!"

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Leicester ló fi bàtà yẹn ránṣẹ́, búlúù, okùn ẹ̀ funfun. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá wọ bàtà tuntun wá, inú bàtà náà ló máa ti mu. Mo wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo fóònù ẹ̀. Alúfàá ní, "Alàájì, malt la máa bù sí i, ẹ̀sìn yín ò bà jẹ́." Mo ní kì í ṣe ẹ̀sìn nìkan, lágbájá, bàtà mi ni! Ọmọdé méjì ti bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi ọ̀tún. Odindi agolo kan ni wọ́n dà sínú ẹ̀. Ó ń hó, ó ń kán láti ìdí bàtà bíi asẹ́. Mi ò mu ún. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mu tiẹ̀, orí ẹ̀ ló ń gbà á, wọ́n sì dà á lé mi lórí, tòun ti fìlà. Gbogbo wọn ń kọrin. Mo gba bàtà mi, mo fi ẹsẹ̀ kan rìn lórí òkúta dé ibi ọkọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, eèrà ti tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé inú bàtà, bí ẹni tó ń lọ sí ìnáwó.

Aago méje àárọ̀ ni mo kọ̀wé sí akọ̀wé lórí WhatsApp. Ó fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta ránṣẹ́, ó ní, "Àṣà wa ni, Alàájì." Mo wá jókòó. Mo ní nínú ohun mẹ́rin ti 1950, ẹ fi bàtà hàn mí. Mo ní ọkùnrin nìkan ló wà níbẹ̀ ní 1938. Lónìí, obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì agbo yín, olórí yín lọ́dún yìí gan-an, obìnrin ni. Bàbá sọ fún mi pé àwọn orin rírùn kan wà tí ẹ ti pa tì látìgbà tí àwọn kan ti ń mú ọmọ wá. Àṣà yín ń yí padà nígbà tó bá wù yín, ti bàtà nìkan ni kò ṣeé yí? Kí ẹ dá ₦5,000 mi padà. Ó kà á, àmì méjì yẹn di búlúù. Wákàtí mọ́kànlá, kò fèsì.

Olórí wọn ló fohùn ránṣẹ́ lálẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó tọrọ àforíjì dáadáa, kò fi ẹ̀fẹ̀ sí i. Ó ní òun máa gbé e lọ sí ìpàdé pé kí bàtà tuntun di ti ẹni tó bá wù. Owó, kò mẹ́nu bà á.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, Bàbá wọlé. Fìlà mi ló kó sínú ọ̀rá. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi sítáàṣì sí i, ó ti lọ̀ ọ́. Mo gbé àga fún un. Ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tí òun ti jáwọ́ nínú ọtí, omi lòun ń gbé sókè tí wọ́n bá ń kọrin, kò sẹ́ni tó bi òun rí. Mo ní, ọ̀rọ̀ bàtà ńkọ́? Ó na ẹsẹ̀ sí mi. Bàtà ẹ̀ ti pọ́n bíi ilẹ̀ Omi-Àdìó. "Oṣù tó kọjá ni mo rà á," ló wí. "Oko ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀ wọ́n lọ."

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ọ̀kan fún ehoro, ọ̀kan fún fìlà. Akọ̀wé ò ní nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀yìn Mọ́níyà ni tọ̀sẹ̀ yìí, aago mẹ́rin. Mo ti wọ bàtà náà lọ sóko lẹ́ẹ̀mejì.