Ṣúgà, Oyin, Dàbínù, Stevia: Èwo Ni Ká Bù sí Kọfí?

Tó bá jẹ́ three-in-one lẹ ń pò mu, ẹ má wulẹ̀ ka èyí. Ṣúgà ti wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn kí ẹ tó ya á. Ẹni tó ń mu kọfí dúdú, tàbí tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu mílíìkì sí i, ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tó dúró sí ilé ìtajà, tó ń wo ṣúgà, tó ń wo oyin, tó ń wo páálí stevia, tí kò mọ èyí tí yóò gbé.

Nígbà tí dókítà sọ fún màmá mi pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń kan ilẹ̀kùn, mo ra gbogbo wọn, mo sì dán wọn wò nínú kọfí tèmi àti ti màmá mi. Oyin ló jẹ owó mi jù. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gùn ju ti ìyókù lọ, ẹ forí jì mí.

Àwọn tí kò gba àlàyé púpọ̀

Ṣúgà pupa: ṣúgà funfun tí omi dúdú ìrèké ṣì wà lára rẹ̀ ni. Ẹ má fi owó lé e nítorí ìlera. Màzákwáílà tí àwọn Hausa ń tà, tí wọ́n fi omi ìrèké sè títí tó fi dì, dùn nínú kọfí dáadáa, àmọ́ ilé kan náà ni òun àti ṣúgà ti jáde.

Ṣúgà àgbọn: ó wọ́n, bẹ́ẹ̀ sucrose, ìyẹn ṣúgà inú páálí yín gan-an, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Dàbínù lílọ̀: fáíbà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn sì dára. Àmọ́ kì í yọ́. Ẹ ó rò ó, ẹ ó rò ó, tí ẹ bá dé ìdí ife, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lẹ ó máa jẹ. Inú ògì ló ti wúlò.

Oyin

Oyin tí wọ́n fi sọ wá lórúkọ, ta ni yóò bá a jà? (Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fi tọ́ ọ lẹ́nu. Kòkòrò botulism lè wà nínú rẹ̀, ojúlówó o, ayédèrú o.) Ọkàn mi balẹ̀ pé oògùn ni mo ń rà.

Lọ́dún 2021, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo dúró ra kẹ́ẹ̀gì lítà 4. Ọkùnrin tó ń tà á ní, “Àǹtí, ẹ má tíì sanwó. Ẹ jẹ́ á dán an wò ná.” Ó ti orí igi ìṣáná bọ oyin, ó ṣá a, iná sọ. Ó kán díẹ̀ sínú ife omi, oyin rọra lọ sísàlẹ̀ láì tú ká. Ó ní èèrà kì í fẹnu kan ojúlówó. Kí ni mo tún ń wá? Mo sanwó, mo tilẹ̀ dúpẹ́.

Láàárín oṣù méjì, ìdajì kẹ́ẹ̀gì ti dì. Mo pariwo pé wọ́n ti jí mi lówó. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò oúnjẹ ní kí n dákẹ́ ná, pé dídì kì í ṣe ẹ̀rí: gúlúkóòsì inú ojúlówó oyin náà máa ń dì, àwọn olóyin tòótọ́ sì ń pàdánù oníbàárà nítorí rẹ̀. Ó gba díẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà Codex, ìlànà oúnjẹ tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ń lò, ni pé sucrose inú oyin kò gbọdọ̀ ju 5 lọ nínú 100. Tèmi lé ní 30.

Ṣúgà ni mo rà, ní ìlọ́po owó ṣúgà.

Ìṣáná ńkọ́? Ṣúgà tí wọ́n bá sè títí tó fi ki kò ní omi tí yóò pa ìṣáná. Bó bá ti ki, yóò rọ̀ sí ìdí ife omi bí oyin. Ní ti èèrà, ó ń jẹ oyin tòótọ́ dáadáa. Ẹ gbé ìgò sílẹ̀ láìdé, ẹ ó rí i. Kò sí ìkankan nínú àdánwò ojú títì yẹn tí mo tún gbà gbọ́. Ẹni tó kó oyin náà ni kí ẹ mọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Mo padà rí olóyin kan ní Òkè-Ògùn tó jẹ́ kí n wo afárá rẹ̀ níṣojú mi.

Ojúlówó wá délé, mo bù ú sí kọfí màmá mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún oyin rárá. Ó gòkè. Mo wá jókòó ṣírò rẹ̀: ṣíbí tíì kan ṣúgà jẹ́ gírámù 4, kálórì 16; ṣíbí kan náà tí ó kún fún oyin jẹ́ gírámù 7, kálórì 21, nítorí oyin wúwo. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka oyin mọ́ ṣúgà tí wọ́n ní ká dín kù; gírámù 25 lóòjọ́ ni wọ́n ní ó dára jù kí àgbàlagbà má kọjá, gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà pọ̀. Àwọn ẹ́ńsáìmù tí a ń torí rẹ̀ pè é ní oògùn ńkọ́? Kọfí tó ń hó kì í dá wọn sí. Kí n tó gbàgbé, adùn oyin máa ń bo ti kọfí mọ́lẹ̀.

Stevia

Ewé ni, láti Paraguay, àwọn Guarani ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Èròjà adùn inú rẹ̀ dùn tó ìlọ́po 200 sí 300 ṣúgà, kì í sì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Ìyẹn stevia fúnra rẹ̀ o. Ẹ yí páálí sẹ́yìn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ewé ló wà níwájú, dextrose ló ṣáájú nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn. Gúlúkóòsì ni dextrose. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo tún bọ́ sí yẹn, páálí ló kàn yàtọ̀.

Màmá mi tọ́ èyí tó dára wò, wọ́n ní, “Adùn yìí kì í tètè relé.” Òótọ́ ni, ó máa ń pẹ́ lẹ́nu, ó sì ń korò díẹ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, WHO ní kí ènìyàn má torí àtidín sísanra kù lo irú nǹkan báyìí. Ìmọ̀ràn náà kò kan ẹni tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà.

Èwo ni kí ẹ wá rà?

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà: stevia tí kò ní dextrose tàbí maltodextrin (òun náà ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè), kí dókítà sì mọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìtọ́wò oyin: oyin, tí ẹ bá mọ ẹni tó kó o. Ẹni tó fẹ́ fáíbà: kó jẹ dàbínù lódindi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ohun tó bá yín lára mu ni kí ẹ mú.

Èmi ti padà sí ṣúgà oníkúùbù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní St. Louis, ìbáà ṣe òun tàbí òun kọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní ìdí láti fi ṣúgà ṣe ayédèrú ṣúgà, mo sì lè kà á. Mẹ́ta ni mo ń jù sí ife kan tẹ́lẹ̀. Ó di méjì, ọ̀kan ni báyìí. Kọfí fúnra rẹ̀ ló ràn mí lọ́wọ́ jù: irú kọfí tí wọ́n ń pè ní robusta, bí èyí tí wọ́n ń gbìn ní Kábbà, korò, ó ń bèèrè ṣúgà, àmọ́ irú kejì, arabica ti òkè Mambilla, rọ̀ lẹ́nu. Owó tí mo ń ná lórí oyin ni mo fi ń ra ti Mambilla.