Mo wọ inú U-505 ní Chicago, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣahun tíkẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀

Tẹ́ ẹ bá dé mùsíọ̀mù sáyẹ́ǹsì Chicago láti wo ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì yẹn, U-505, tẹ́ ẹ wá kọ̀ tẹ́ ò ra tíkẹ́ẹ̀tì ti inú ọkọ̀, irin lásán lẹ wò yẹn o. Owó ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnu ọ̀nà. Èmi náà ti fẹ́ ṣahun, àbúrò mi obìnrin tí mo lọ kí ló ní "ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ọ̀nà tẹ́ ẹ rìn yìí, ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ wá wò?" Ojú tì mí, mo sanwó.

Lóde, ó tóbi. Ẹsẹ̀ bàtà 252 ló gùn, ìta ló wà láti 1954 tí òjò àti yìnyín ń nà án kí wọ́n tó gbé e wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ́dún 2004. Ṣùgbọ́n inú ńkọ́? Háà! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo forí gbá irin. Àwa àlejò tiẹ̀ rílẹ̀kùn gbà torí wọ́n ti la ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fún wa, àwọn tó ni ín, ihò orí òkè ni wọ́n ń gbà já sínú. Bẹ́ẹ̀dì ò tó wọn, ẹnì kan á dìde lọ síbi iṣẹ́, ẹlòmíì á sùn síbẹ̀ kó tó tutù, àwọn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ torpedo, bọ́ǹbù abẹ́ omi tí wọ́n fi ń rì ọkọ̀, gan-an tí wọ́n ń hanrun. Ilé ìyàgbẹ́ méjì péré, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra oúnjẹ ni wọ́n ń kó kún ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé féèsì-mí-áì-féèsì-yú rí, tiyín dáa.

Ohun tó mú mi níbẹ̀ sha ni pé ọkọ̀ yìí olórí burúkú ni. Hamburg ni wọ́n ti kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní August 1941, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dùn fún wọn torí ọ̀gá àkọ́kọ́, Axel-Olaf Loewe, gbé e wá sápá ọ̀dọ̀ wa níbí, láti Freetown wọ Gulf of Guinea, ó rì ọkọ̀ mẹ́rin ní March àti April 1942. Èmi tí mo rò pé Bọ́mà nìkan ni ogun Hítílà kàn wá sí, àṣé wọ́n wà nínú omi wa!

Àfi bí Loewe ṣe ṣàìsàn, wọ́n fi Peter Zschech rọ́pò ẹ̀, ni nǹkan bá dàrú. November ọdún yẹn, nítòsí Trinidad, bààlúù àwọn Gẹ̀ẹ́sì fò wálẹ̀ gan-an ju bọ́ǹbù lé e, ó bú gbàmù lórí ọkọ̀ débi pé ó já bààlúù náà fúnra ẹ̀ lulẹ̀. Ọkọ̀ ò rì. Ó wọ́ ara ẹ̀ padà dé Lorient ní Faransé, tó wà lọ́wọ́ àwọn Jámánì nígbà yẹn, wọ́n fi bí oṣù mẹ́fà tún un ṣe, ìgbà tí wọ́n wá parí, ó jáde ó padà, ó jáde ó padà, torí àwọn òṣìṣẹ́ Faransé tó ń tún un ṣe ń dọ́gbọ́n bà á jẹ́ ní kọ̀rọ̀ (mo rẹ́rìn-ín síyẹn). Ìgbà tó wá ráyè lọ, October 1943, tí bọ́ǹbù ń dún lórí wọn, Zschech yìnbọn pa ara ẹ̀ nínú yàrá ìdarí, lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Yàrá yẹn ni wọ́n kó wa dúró sí. Wọ́n dín iná kù, wọ́n gbé ìró bọ́ǹbù sí i, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ mọ́, àní ọmọ kékeré kan tó ti ń dààmú wa láti ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ 4 June 1944 lọwọ́ tẹ̀ ẹ́, lójú òkun lápá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí náà. Kápútẹ́nì Daniel Gallery ló kó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà wá, ọ̀kan nínú wọn, Chatelain, ju bọ́ǹbù títí U-505 fi yọrí síta. Harald Lange tó jọ̀gá ìgbà yẹn ní kí gbogbo èèyàn bẹ́ sómi kí ọkọ̀ rì. Ẹ wá wo wèrè o: Albert David àtàwọn ọmọ Amẹ́ríkà mélòó kan bẹ́ sínú ọkọ̀ tó ń rì, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ń yí po, wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n ti dẹ bọ́ǹbù sínú ẹ̀. Omi ń ya wọlé, Zenon Lukosius rí ìdérí páìpù tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ó dé e padà. Ìdérí kékeré! Wọ́n kó Enigma, ẹ̀rọ tí àwọn Jámánì fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, àti ìwé àdììtú níbẹ̀. Jámánì kan ló kú, wọ́n kó 58 tó kù lọ pamọ́ sí Louisiana, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, torí bí Jámánì bá mọ̀ wọ́n á pààrọ̀ àdììtú wọn.

Ìgbà tó dé Chicago wọ́n ti tú ẹrù inú ẹ̀ kó lọ, àwọn iléeṣẹ́ Jámánì tó ṣe wọ́n gan-an ló tún fi pààtì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan!

Ẹni tí ibi híhá máa ń ká láyà, ẹ dúró síta. Ẹni tó ga, ẹ tẹrí ba dáadáa. Bá a ṣe jáde, àbúrò mi ní ṣé ká tún wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní kó jẹ́ kí ibi tó wú lórí mi yìí kọ́kọ́ wálẹ̀ ná.