Rósárì wo ló yẹ kéèyàn rà? Àyẹ̀wò oríṣi mẹ́fà tó wà lọ́jà

Ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kì í ṣàìní ẹni tó ń ta rósárì, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àwọn Àgùdà, lọ́jọ́ Àìkú. Oníke wà lórí àtẹ, onígi wà, onídígí tó ń dán yinrinyinrin wà, ti okùn wà, olórùka náà sì wà. Ẹni tó ń tà á á ní kò sí èyí tí ò dáa níbẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n ṣe rósárì fún, òmíràn nínú wọn ò sì mọ iṣẹ́ náà ṣe.

Iṣẹ́ náà ni pé kí ọwọ́ bá ọkàn ka iye, kí ọkàn lè ráyè wo Jésù. Ẹnu ń wí pé “Mo kí ọ Màríà”, ìka ń ti ìlẹ̀kẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkàn ní tirẹ̀ wà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tàbí ní Kálífárì, lọ́dọ̀ Ìyá tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Póòpù Paul Kẹfà kọ ọ́ ní 1974 pé rósárì tí kò ní àṣàrò nínú, ara tí kò ní ẹ̀mí ni. Ìbéèrè tí a fi dán gbogbo wọn wò kò ju ẹyọ kan lọ: tí wọ́n bá mú iná lọ, tójú ò ríran mọ́, ṣé ìka á ṣì mọ ibi tó dé?

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ ka ìlẹ̀kẹ̀ náà. 59 ló gbọ́dọ̀ pé: 6 ńlá fún Bàbá Wa, 53 kékeré fún Mo Kí Ọ Màríà. Láti ìdí àgbélébùú, níbi tí a ti ń ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, ẹ ó bá ńlá kan, kékeré mẹ́ta tí a ń fi tọrọ ìgbàgbọ́, ìrètí àti ìfẹ́, ńlá kan sí i, kó tó kan mẹ́dà, àmì pélébé tó so ìrù rósárì mọ́ ìyókù rẹ̀. Lẹ́yìn mẹ́dà ni ọ̀wọ́ márùn-ún, mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí ńlá mẹ́rin pààlà sí wọn láàrin. Ibi mẹ́dà yìí ló máa ń da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú: yóò máa wá ìlẹ̀kẹ̀ ńlá ti ọ̀wọ́ kìíní kiri, kò sì ní í rí i. Èyí tó ṣáájú mẹ́dà gan-an ni.

Rósárì olówó pọ́ọ́kú wà tó jẹ́ pé mẹ́sàn-án ni wọ́n sín sínú ọ̀wọ́ kan, tàbí mọ́kànlá. Ẹ má gbà á. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé tàbí tó dín á máa fa ọkàn kúrò lórí ohun tó ń rò padà sí ìṣirò, ojoojúmọ́ sì ni. Ẹ tún wo àlàfo tó wà ṣáájú ìlẹ̀kẹ̀ ńlá àti lẹ́yìn rẹ̀. Àlàfo yẹn gan-an ló ń sọ fún ìka pé ọ̀wọ́ ti parí. Títóbi ìlẹ̀kẹ̀ kò tó o. Èyí tí wọ́n sín pọ̀ mọ́ra gbọ̀ngbọ̀n, iná ni yóò máa wá.

Oníke fúyẹ́, kò wọ́n, omi ò sì ṣe é ní nǹkan kan. Òun ló tọ́ sí àwọn ọmọ Block Rosary, àwọn ọmọdé tó ń kóra jọ ka rósárì ládùúgbò, tó jẹ́ pé wọ́n lè sọ ọ́ nù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àléébù rẹ̀ ni pé ìlẹ̀kẹ̀ máa ń yọ̀ rìn lórí fọ́nrán, àlàfo á sì parẹ́. Ẹ ra èyí tí wọ́n ta kókó sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ńlá.

Onídígí lẹ́wà, ó yẹ ẹ̀bùn Komúníọ̀nù àkọ́kọ́. Fún àdúrà ojoojúmọ́, a ò gbà á níyànjú: ó wúwo, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ tó bá làágùn, bó bá sì já bọ́ sórí táìsì, ó di àfọ́kù. Onígi dáa jù ú lọ dáadáa. Igi kì í yọ̀, òógùn ọwọ́ tún ń mú kó dán sí i ni. Ẹ ṣọ́ra fún dúdú tí wọ́n fi aró kùn: ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ ó rí bóyá ó ń ṣí.

Onígi àti onídígí, ṣéènì ni wọ́n sábà máa ń fi so wọ́n pọ̀, ibi mẹ́dà sì ni wọ́n ti ń já, torí pé òrùka wáyà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ló gbé gbogbo ẹrù. Pláyà kékeré méjì tó láti tún un ṣe. Ẹ fi ọ̀kan di apá òsì òrùka náà mú, èkejì apá ọ̀tún, kí ẹ ti ọ̀kan síwájú, kí ẹ fa èkejì sẹ́yìn. Ẹ má ya á sọ́tùn-ún sósì. Wáyà tí wọ́n bá ya bẹ́ẹ̀ kì í padà rí roboto mọ́, á tún já.

Ti okùn ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ wa. Okùn ọ̀rá tó nípọn ni, bíi mítà mẹ́fà, kókó ló sì wà nípò ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ń wé okùn yí ìka lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fà á fún kókó kékeré, lẹ́ẹ̀mẹrin fún ńlá. Ìka kì í ṣi kókó mú, kò ní ṣéènì tó ń dún níwájú Sákírámẹ́ńtì Mímọ́, ìyẹn Ara Kristi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìjọsìn, ọṣẹ àti omi ló sì ń fọ̀ ọ́ mọ́. Ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi iná jó ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò: bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tó ṣì gbóná, yóò tú.

Olórùka ní gọ́ńgọ́ mẹ́wàá àti àgbélébùú kan. Ó dáa nínú dánfó, fún ẹni tó ti mọ Ohun Ìjìnlẹ̀ lórí nìkan, ìyẹn àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbésí ayé Jésù àti Ìyá rẹ̀ tí a ń ṣàṣàrò lé lórí ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ti ẹ̀rọ tí wọ́n gbé jáde ní Vatican lọ́dún 2019, ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, Yúrò 99 ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Téèyàn bá ṣe àmì àgbélébùú, á jí, á sì máa tọ́ni sọ́nà. Ó wúlò fún ẹni tí kò ní olùkọ́. Àmọ́ ó ń fẹ́ ṣáájì. Wàhálà iná tún ti bá wa dé ìdí àdúrà.

Ìwé pélébé tí wọ́n ń fi sínú ọ̀rá rósárì náà nílò àyẹ̀wò. Òun ló ń sọ Ohun Ìjìnlẹ̀ tí a ń kà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní Ohun Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ ni ti Ọjọ́bọ̀, ti àtijọ́ ni. Póòpù John Paul Kejì fi Ohun Ìjìnlẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ kún un ní oṣù kẹwàá 2002, Ọjọ́bọ̀ sì di tirẹ̀. Ayọ̀ ni Ọjọ́ Ajé àti Àbámẹ́ta, Ìbànújẹ́ ni Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, Ògo ni Ọjọ́rú àti Àìkú.

Ìwé náà kì í sábà sọ bí a ṣe ń lò ó. Ẹ mú Ohun Ìjìnlẹ̀ Ìbànújẹ́ kejì, níbi tí wọ́n ti na Jésù lẹ́gba. Ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀ títí ojú inú á fi rí òpó náà, kó tó kan Bàbá Wa. Ìka ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìlẹ̀kẹ̀ kí ẹnu tó dé “Àmín”. Níbi táa ti ń kà á lápapọ̀, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn tó ń dáhùn á ti já “Màríà mímọ́” gbà kí olùdarí tó pe “Jésù” tán. Orúkọ yẹn sì ni ìdè tó so apá méjèèjì àdúrà náà pọ̀. Òun gan-an ni wọ́n gbé mì. Ọ̀wọ́ márùn-ún tí a kà dáadáa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Èyí tó bá parí ní 8, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti já.

Ẹ rà á tán kí ẹ tó gbé e fún Fádà láti bù kún un, nítorí ohun èlò tí a ti bù kún, tí wọ́n bá tà á, oore indulgénsì (ìmúkúrò ìyà tó kù fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti dárí jì) tó wà lórí rẹ̀ á dópin. Bó bá já kọjá àtúnṣe, ẹ má sọ ọ́ sórí ààtàn. Ẹ jó onígi àti ti okùn; ẹ ri onídígí àti onírin mọ́lẹ̀.