Sírínjì àbí títẹ bíréèkì: èwo ló yá jù láti lé afẹ́fẹ́ inú bíréèkì máṣíìnì jáde nílé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun máṣíìnì oní-díìsìkì n'Ílọrin, tí bíréèkì ọwọ́ bá ti ń rọ̀, tó ń wọlé títí tó fi ń kan ibi tẹ́ ẹ dì mú, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń wà nínú ọ́ìlì bíréèkì yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gùn ún lọ ojú títì Taiwo bẹ́ẹ̀.

Títẹ la mọ̀ jù: ẹ ki rọ́bà dríìpù bọ nọ́ọ̀tì kékeré ara kálípà (ohun tó ń di díìsìkì mú lẹ́bàá táyà), ẹ ti ẹnu kejì bọ inú ọ́ìlì nínú ìgò, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ dì í mú, ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹ dé e padà kẹ́ ẹ tó jọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ títí afẹ́fẹ́ róbótó róbótó á fi tán nínú rọ́bà. Ó ń jẹ àsìkò gan-an, tí ọ́ìlì òkè (inú ike kékeré tó wà níbi ọwọ́ bíréèkì) bá sì gbẹ, afẹ́fẹ́ tún wọlé nìyẹn.

Sírínjì ni tèmi o. Ẹ ra ńlá tuntun ní kẹ́mísì, ẹ fa ọ́ìlì tuntun sínú ẹ̀ (ọ́ìlì bíréèkì ni o, irú DOT, ìyẹn nọ́ńbà ọ́ìlì, tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike òkè), ẹ ki rọ́bà bọ ẹnu ẹ̀, ẹ lé afẹ́fẹ́ inú rọ́bà jáde, ẹ ki ẹnu kejì bọ nọ́ọ̀tì kálípà, ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, kẹ́ ẹ wá ti ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, torí òkè náà ni afẹ́fẹ́ fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ sì dé nọ́ọ̀tì padà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fa ọ́ìlì àtijọ́ kúrò lókè kó má kún dà sórí táńkì, torí ọ́ìlì yìí máa ń bó ọ̀dà, tó bá ta síbẹ̀ ẹ tètè fi omi ṣàn án.